Ìyá Fẹ́ Fọ́ Kọ̀ǹpútà Ọmọ Rẹ̀ l'Ọ́báléńdé, Àṣé Iṣẹ́ Ọwọ́ l'Ọmọ Ń Ṣe!

Aago méjì òru ti lù. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn l'Ọ́báléńdé, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ Ìkòyí ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó láràárọ̀, dìde láti lọ dáná sábẹ́ ìkòkò. Ta ló bá lójúfò? Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 21, tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ìyá gbé orógùn sókè.

"Ìwọ ọmọ yìí, géèmù náà ni? Lónìí ni n ó fọ́ nǹkan yìí, kí n lè ríran!"

Ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọ. Mi ò gbá géèmù o, títún ni mò ń tún un ṣe."

Ló bá fi hàn wọ́n. Géèmù mọ́tò wíwà ni. Ilé iṣẹ́ kan l'ókè òkun ló ṣe é, mọ́tò òyìnbó ló sì kún inú rẹ̀. Ọmọ yìí ti yọ bọ́ọ̀sì òyìnbó kúrò, ó fi dánfó yẹ́lò onílà dúdú rọ́pò rẹ̀, kọ́ńdọ́kítọ̀ sì rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà bí àdán. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é, l'álẹ́ nìkan, nítorí pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní títún fóònù ṣe ló ń wà l'ọ́sàn-án. Mọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá rí kọ́ńdọ́kítọ̀, ẹ̀rín pa á. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni. "Èló ni wọ́n ń san fún ọ?"

"Wọn kì í sanwó, Màmá. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Pẹtiróòlù tí ò ń jó ńkọ́, ọ̀fẹ́ l'òun náà?"

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àfi bí ọmọ ṣe wọlé l'ọ́jọ́ kan tí kò lè jẹun. Ó ti rí dánfó rẹ̀ nínú díìsìkì tí ẹnìkan ń tà l'ọ́jà. Wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, wọ́n fi tiwọn sí i. Kì í ṣe owó ló ń dùn ún, orúkọ ni. Ó ní òun ò ṣe mọ́ láéláé.

Ibẹ̀ l'ọ̀rọ̀ ti yí padà lára ìyá. Obìnrin tó fẹ́ fọ́ kọ̀ǹpútà ló so ìró mọ́dìí, ó ní kí ọmọ ṣíwájú. "Èmi kọ́ ni mo gbin ẹ̀wà tí mò ń tà. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó o wá. Èmi kọ́ ni mo ṣe epo. Àmọ́ ata yẹn, ọwọ́ mi ni! Bí ẹnìkan bá bu ẹ̀wà mi lọ sí Fàlómọ̀ tó ní òun ló sè é, ṣé n ó dákẹ́?"

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Òun náà gbọ́n. "Ìyá, ẹ má bínú. Ṣé ọmọ yín ló ni géèmù ọ̀hún ni? Ṣebí òun náà mú nǹkan oní-nǹkan."

Ìyá wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ fèsì jẹ́jẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ pé èmi ni mo ni ín. Mo kọ orúkọ àwọn tó ṣe géèmù sókè, mo kọ tèmi sísàlẹ̀. Mi ò sì tà á, torí wọn ò fún mi láṣẹ láti tà á."

Ẹnu ọlọ́jà wọhò.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fetí sí i dáadáa. Ẹni tó ń tún géèmù ṣe kò lè tà á bí kò bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìyìn ni owó ọ̀yà rẹ̀. Ìdí nìyí tí Mod DB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, fi ń jẹ́ kí àwọn tó ń gbá géèmù dìbò l'ọ́dọọdún, kí wọ́n mú mọ́ọ̀dù tó dára jù, kí wọ́n sì pe orúkọ ẹni tó ṣe é síta.

Ìyìn sì máa ń bí nǹkan. Ní 1999, Minh Le, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Kánádà, àti Jess Cliffe tún géèmù Half-Life ṣe, wọ́n sọ ọ́ di Counter-Strike. Ní 2000, Valve tó ni géèmù náà ra iṣẹ́ wọn, ó sì gbà wọ́n síṣẹ́. Àwọn kan tún Age of Empires II ṣe l'ọ́fẹ̀ẹ́ ní 2012. Ní 2013, ó ti di ojúlówó. Àwọn náà ló ṣiṣẹ́ sí èyí tó jáde ní 2015, tó gbé ilẹ̀ Mali àti Sundiata ọba wọn wọnú géèmù. Agbẹjọ́rò kan l'Ọsirélíà, Nick Pearce, fi Skyrim ṣe ìtàn tirẹ̀, The Forgotten City. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ wọn fún un l'ámì ẹ̀yẹ, mọ́ọ̀dù kankan ò sì gba irú rẹ̀ rí. Ní 2021, ó ti di géèmù tó dá dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí. Ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, l'Ékòó níhìn-ín. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1894, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì fi oyè Bey dá Mohammed Shitta tó náwó sí i l'ọ́lá, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ èèlòó nínú àwọn tó ń kọjá níbẹ̀ ló mọ João Baptista da Costa, Àgùdà tó kọ́ ọ, tó fi ọgbọ́n ilé kíkọ́ àwọn Brazil ṣe ilé Ọlọ́run fún ará Èkó? Ẹni tó náwó gbọ́dọ̀ l'órúkọ, ẹni tó pò yẹ̀pẹ̀ náà gbọ́dọ̀ l'órúkọ.

Nígbà tí oṣù Kejìlá dé, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń ṣe àríyá òpin ọdún. Wọ́n dáwó ra ife-ẹ̀yẹ kékeré kan, wọ́n pe ọmọ ẹlẹ́wà jáde: "Ẹni tó gbé dánfó Ọbáléńdé wọ géèmù!" Ariwo sọ. Ìyá gba ife náà lọ́wọ́ ọmọ, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ẹ̀wà tó máa gba inú eléyìí ò tó ti ogún náírà láyé àtijọ́." Ó nu ojú rẹ̀, ó ní èéfín ni. Èéfín wo, nígbà tí kò dáná?

Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ata ni ife náà wà dòní. Ọmọ ṣì ń kọ́ṣẹ́ fóònù, nítorí pé ife kì í san owó ilé. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni òfin: kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kú. Àmọ́ kí ìyá tó sùn, ó máa ń bi í pé, "Ibo lo bá a dé?"

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, kí ẹ tó gbé orógùn sókè, ẹ ti bi ọmọ yín bẹ́ẹ̀ rí?