Ìbọn Ìṣó Kó Mi sí Yọ́ọ́yọ́ọ́
Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin òǹkàwé! Mo ṣèlérí kọ́bọ́ọ̀dù fún màmá mi kí Iléyá tó dé, mo bá lọ ra ìbọn ìṣó tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà. Mo délé, àṣé afẹ́fẹ́ ló ń lò! Láìsí ẹ̀rọ bíi ti fọkanáísà, kò lè yin ìṣó kan ṣoṣo, owó ẹ̀rọ ọ̀hún sì ju tìbọn lọ. Màmá wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀. Àfi bí ẹni gbá mi létí.

Mo tà á ládànù, mo wá tokunbọ̀ oníbátìrì lọ. Kí n tó sanwó, mo ní kí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́: kò yìn. Wọ́n ki imú rẹ̀ mọ́ pákó, ó dún pàá! Ó tẹ́ mi lọ́rùn, ìka ò ní sípíà. Ìṣó rẹ̀ tín-ín-rín, kì í sábà la pákó. Gọ́ọ̀mù ló ń gbẹ́rù.

Ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà wọ́ díẹ̀, àmọ́ màmá ti kó abọ́ sí i.