Ọkùnrin Síngbọnlẹ̀ Tó Dúró Lẹ́yìn

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2010. Nígbà tí aago mẹ́ta ọ̀sán fi máa lù, ilé Ìyá Àgbà ní Ìsàn-Èkìtì ti kún. Nàìjíríà fẹ́ bá Ajẹntínà gbá bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé ní Johannesburg. Iná ti lọ bí ìṣe rẹ̀, àwa ọmọ ilé sì ti dá owó epo jẹnẹrétọ̀. Ìyá Àgbà kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n iwájú pátápátá ló gbé àpótí rẹ̀ sí, torí òun ló nilé. Kò pẹ́ tó fi nawọ́ sí ọkùnrin síngbọnlẹ̀ kan tó wọ nọ́ńbà 6.

"Àkànní, kí ni eléyìí ṣe tí kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síwájú? Ṣé wọ́n ń bá a jà ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ilé ló ń ṣọ́."

"Èyí tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹn ńkọ́?"

N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀rín yẹn kò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, torí ọmọ ẹ̀yìn lèmi náà. Nílé ìwé wa, ẹni tó bá ní bàtà bọ́ọ̀lù ló ń gbá iwájú. Àwa tí a ń fẹsẹ̀ lásán gbá a, tí a sì sanra díẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń tì wá sí. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi gbá a. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gbogbo pápá pariwo orúkọ mi: ọjọ́ tí mo gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ara wa.

Daniel Olusola Shittu ni ọkùnrin tí Ìyá Àgbà ń bèèrè. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: Bíbélì ló ṣíwájú, Yorùbá wà láàárín, ìmàle ló kẹ́yìn, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ agboolé wa. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1980, Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Charlton ló kọ́kọ́ gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò rí i lò. Wọ́n fi í yá Blackpool. Nígbà tó fi máa dé QPR, gbèsè ti wọ ẹgbẹ́ náà lọ́rùn, wọ́n sì ti já sí ìpele kẹta. Lọ́dún 2003 wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gòkè, àfi bí Cardiff ṣe gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé ní àsìkò àfikún. Ọdún kejì ni wọ́n tó gòkè. Lọ́dún 2006, Watford san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́n-ùn ó lé díẹ̀ lé e lórí, ó bá wọn wọ Premier League, sáà kan náà ni wọ́n sì já padà. Ní Bolton, orí bẹ́ǹṣì ló ti lo àkókò rẹ̀ jù. Millwall ló wà kẹ́yìn, títí di 2015.

Ẹni tó bá fẹ́ wo iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé yóò rí góòlù díẹ̀ tó fi orí kàn wọlé. Èyí tí kò jẹ́ kó wọlé ńkọ́? Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń ka ìyẹn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Heinze ọmọ Ajẹntínà fi orí kan bọ́ọ̀lù kọ́nà wọlé ní ìṣẹ́jú kẹfà, ó sì parí síbẹ̀. Enyeama, aṣọ́lé wa, kò gbà fún Messi, òun ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Shittu àti Yobo tí wọ́n dúró níwájú rẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú.

Bí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn bá ṣì í, ìyẹn la ń rántí. Ní 1977, ní Surulere, Godwin Odiye fẹ́ fi orí gbá bọ́ọ̀lù dànù, ó bọ́ sínú àwọ̀n Okala, aṣọ́lé wa nígbà náà. Tunisia borí pẹ̀lú góòlù yẹn, àwọn ló lọ sí Ife Àgbáyé 1978. Títí dòní, góòlù yẹn ti di oríkì fún Odiye, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ni nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Yakubu, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, tó tàsé àwọ̀n òfìfo nígbà tí a pàdé Gúúsù Kòríà nínú Ife Àgbáyé 2010 yẹn kan náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi dúró kó tó gbá pẹ́nárítì wọlé. Wọ́n ṣì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúkú rí ibi san án. Níbo ni ẹni ẹ̀yìn yóò ti san tirẹ̀?

Mo sọ ìtàn Odiye fún Ìyá Àgbà. Amọ̀kòkò ni, bí ọ̀pọ̀ obìnrin àgbà Ìsàn. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní, "Ìkòkò mi tó ń pọn omi láti ọjọ́ yìí wá, ta ló bi mí pé ta ló mọ ọ́n? Èyí tó fọ́ lọ́nà ọjà, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà mi."

Alẹ́ ọjọ́ tí a gbá ti Kòríà, ó tún jókòó síwájú. A gba kọ́nà kan, Shittu sì gbéra láti ẹ̀yìn, ó ń sáré bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tòun ti ara ńlá yẹn, ó lọ dúró sáàárín àwọn yòókù níwájú àwọ̀n Kòríà. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ò rí i? Wọ́n ti parí ìjà."