Àdúgbò Àwọn Ará Ukraine ní New York, àti Obìnrin Tó Ń Fi Eré Pe Orúkọ Òkú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ènìyàn bá ti dárúkọ New York, ilé gogoro ni ọkàn olúkúlùkù máa ń sáré lọ bá. N kò ní í sọ ti ilé gogoro fún yín lónìí. Àdúgbò kan wà ní ìsàlẹ̀ Manhattan tí wọ́n ń pè ní East Village. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ kò ga ju àjà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀ ní ọdún 2024, eré orí ìtàgé ni mo sì bá lọ.

Ṣùgbọ́n inú ni a kọ́kọ́ ń bọ́. Ní ìkóríta Second Avenue àti East 9th Street, ilé oúnjẹ kan wà tó ń jẹ́ Veselka, èyí tí í ṣe òṣùmàrè ní èdè Ukraine. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti ń dáná níbẹ̀. Mo jẹ ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní borscht, tí wọ́n fi gbòǹgbò kan tó pọ́n bí osùn sè. Ó kan díẹ̀ lẹ́nu, kò sì ní ata, n kò ní í purọ́ fún yín. Varenyky wọn ni mo gbà fún. Ìyẹ̀fun ni wọ́n pò, wọ́n tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n di ọ̀dùnkún gígún sínú rẹ̀, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n wá da àlùbọ́sà díndín lé e lórí. Mo jẹ àwo kan tán, mo tún ní kí wọ́n gbé òmíràn wá.

Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn ará Ukraine ti ń dé sí àdúgbò yìí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun Hitler tó parí ní 1945 ni wọ́n rọ́ dé jù. Ìjọba Soviet ló wà lórí ilẹ̀ wọn nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ogun lé dé ibùdó asásálà ní Jámánì kò sì jẹ́ padà sílé. Nígbà tí wọ́n dé New York, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé kí èdè má bàa parẹ́ lẹ́nu ọmọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ láti máa yá ara wọn lówó. Àwọn oníṣòwò tó wà láàárín wa yóò mọ ohun tí ìyẹn lè ṣe fún àlejò tí kò mọ ẹnìkan ní báńkì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St. George ní East 7th Street, òpópónà kan wà tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè sáré já a láì mí. Taras Shevchenko Place ni orúkọ tí wọ́n fún un ní 1978. Bàbá àgbà kan tó jókòó lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì rí mi bí mo ti ń ka àkọlé náà, ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa rí." Òótọ́ ni. Ní 2001, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan fẹ́ sọ òpópónà náà di ara ilẹ̀ tirẹ̀, àwọn ará Ukraine sì dìde, wọ́n ní àwọn kò gbà. Òpópónà náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé ta ni Shevchenko tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà. Akéwì ni, ayàwòrán sì ni. A bí i ní 1814, ẹrú ilẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, òun náà sì jẹ́ ẹrú títí di 1838 tí àwọn ọ̀rẹ́ fi 2,500 rúbù ra òmìnira rẹ̀. Ní 1847 ọba Rọ́ṣíà tì í lọ sí ìgbèkùn nínú iṣẹ́ ológun, ó sì pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ kọ̀wé, kò gbọdọ̀ yàwòrán. Ọdún mẹ́wàá ló lò níbẹ̀. Gbogbo ọmọ Ukraine ló mọ orúkọ rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n dé orí ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ wá. Virlana Tkacz ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Newark ní New Jersey ni wọ́n ti bí i ní 1952, nínú ìdílé Ukraine. Olùdarí eré ni. Ní 1990 ó dá ẹgbẹ́ òṣèré Yara sílẹ̀ ní ilé eré La MaMa, eré àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ṣe, lórí òkú kan ni.

Òkú náà ni Les Kurbas. Òun ló dá ẹgbẹ́ òṣèré Berezil sílẹ̀ ní Kyiv ní 1922, tó sì kó wọn lọ sí Kharkiv ní 1926. Eré rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ní 1933 ìjọba Soviet gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n mú un; ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 1937 wọ́n yìnbọn pa á ní igbó Sandarmokh, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn mìíràn. Wọn kò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ọdún 1997 ni wọ́n tó rí ibojì náà. A mọ̀ nílẹ̀ wa pé ìjọba a máa bẹ̀rù eré. Ẹ rántí bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe fòfin de ẹgbẹ́ Hubert Ogunde ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú. Ṣùgbọ́n Ogunde padà sórí ìtàgé. Kurbas kò padà.

Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ló wá gbé ìtàn Kurbas sórí ìtàgé New York, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ukraine pọ̀. Ní 1991 ó gbé eré náà lọ sí Ukraine fúnra rẹ̀, ọdún náà gan-an ni orílẹ̀-èdè yẹn sì gba òmìnira.

Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó ni ilé tí ó ti ṣe é. Ellen Stewart, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń rán aṣọ tà, ló dá La MaMa sílẹ̀ ní 1961 nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní East 9th Street. Àwọn aládùúgbò rí ọkùnrin tó ń wọlé tó ń jáde, wọ́n ní iṣẹ́ aṣẹ́wó ló ń ṣe, wọ́n sì pe ìjọba sí i. Ó fara dà á. Títí ó fi kú ní 2011, kò bi òṣèré pé ọmọ ibo ni.

Ní tèmi, ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ Tkacz ni pé kò ti ogún rẹ̀ mọ́ inú àpótí. Mo mọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan lókè òkun, tiwa ni, tó jẹ́ pé bí ẹ bá yọ aṣọ ẹbí àti ìrẹsì kúrò, kò ku nǹkan kan. Òun àti Wanda Phipps, akéwì aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n jọ ń túmọ̀ ewì Ukraine sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún pípẹ́. Ní 2016 ó tún ṣe eré kan tí yóò dùn mọ́ ẹ̀yin olùkọ́ nínú, Dark Night Bright Stars, lórí ìpàdé Shevchenko àti Ira Aldridge.

Aldridge yìí, ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, New York kan náà ni wọ́n ti bí i ní 1807. Ó fẹ́ ṣe eré Shakespeare, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà fún ọmọ dúdú ní Amẹ́ríkà ìgbà náà? Ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1824. Ní 1858 ó dé St. Petersburg, ó ń ṣe Othello ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó kù lórí ìtàgé sì ń fi èdè Jámánì dá a lóhùn! Ibẹ̀ ni òun àti Shevchenko ti pàdé, ọdún kan lẹ́yìn tí akéwì náà gba ìdáǹdè. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Ọmọbìnrin ìjòyè kan ló ń ṣe ògbufọ̀. Èyí ń sọ ti oko ẹrú Amẹ́ríkà, ìyẹn ń sọ ti oko ẹrú Ukraine, wọ́n sì ń kọ orin ilé fún ara wọn. Shevchenko ya àwòrán Aldridge, àwòrán náà wà dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣèré náà kò lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ogun kò jẹ́ kí iṣẹ́ yìí di ti àtijọ́ nìkan. Rọ́ṣíà gba Crimea ní 2014. Ní 2022 ó kó ogun ja gbogbo Ukraine, àdó olóró sì ń bọ́ sí Kharkiv, ìlú tí Kurbas ti ṣe eré rẹ̀. Serhiy Zhadan, akéwì Kharkiv tí Tkacz fi ewì rẹ̀ ṣe eré ní 2017, wọ iṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ ní 2024. Àsíá búlúù àti yẹ́lò ni mo rí lójú fèrèsé káàkiri.

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Bronx, kí ó ní kí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin 6, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Astor Place. Ṣọ́ọ̀ṣì àti òpópónà akéwì náà kò jìnnà síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé East 4th Street, níbi tí ilé eré náà kó lọ ní 1969. La MaMa ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe Yara, nítorí orúkọ La MaMa ni wọ́n kọ sára ilé.