Ta Ni Ń Jẹ́ Ọ́pà?

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló ti sunkún nítorí Hyun Bin àti Son Ye-jin nínú Crash Landing on You. Ẹ má purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ èdè ni.

tvN ni orúkọ ìkànnì tó gbé eré yẹn jáde. Ọdún 2006 ló bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Kòríà, ilé-iṣẹ́ CJ ENM ló sì ni ín. Nígbà tó di 2021, ó wọ Áfíríkà lórí DStv. Nígbà náà, ẹni tó bá ti sanwó lè jókòó sí Ìbàdàn kó máa wo ohun tí àwọn ará Seoul ń wò. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọn ò torí à ń tajà fún àwọn ará òkèèrè kí wọ́n wá di elédè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wọn ni wọ́n ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó bá lè kà á.

Ìyá àgbà wa ò lè kà á. Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà ìsinmi, bí iná bá wà, tí owó ò sì tíì tán lórí káàdì, èmi ni ògbufọ̀ wọn. Màá ka Gẹ̀ẹ́sì, màá sọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n á máa bú àwọn ọ̀dàlẹ̀ inú eré.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan nínú eré ń pe ọkùnrin tó jù ú lọ. Orúkọ ọkùnrin náà gan-an ni wọ́n kọ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kà á. Ìyá àgbà ní, "Rárá o. Kò pè é lórúkọ. Ọ́pà ni mo gbọ́. Ta ni ń jẹ́ Ọ́pà?"

Òótọ́ ni. Oppa ni obìnrin ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tàbí ọkùnrin tó jù ú lọ tí wọ́n sì sún mọ́ra. Bí ẹ̀gbọ́n náà bá jẹ́ obìnrin, eonni ni yóò pè é. Ọkùnrin ní tirẹ̀ ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní hyeong, ó ń pe obìnrin ní nuna. Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń túmọ̀ fi sábà máa ń fi orúkọ dípò rẹ̀. Àmọ́ Yorùbá ní ẹ̀gbọ́n. Tiwa ò sọ bóyá akọ ni tàbí abo, ẹni tó kọ́kọ́ dáyé ló ń sọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ìyá àgbà, wọ́n ní, "Ẹn-ẹ́n! Mo mọ̀ pé ọmọ yẹn ní ẹ̀kọ́."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fetí sílẹ̀ dáadáa. Àwọn ará Kòríà ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, jondaetmal, wọ́n sì ní ti ẹlẹgbẹ́ ẹni, banmal. Nínú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, ẹ ó máa gbọ́ yo nípari gbólóhùn lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹni méjì bá ń fi yo bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí, tí yo wá pòórá lójijì, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Bóyá ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́, bóyá ìjà ló dé. Gẹ̀ẹ́sì á kọ you, á tún kọ you. Ní Yorùbá, ẹ ti di o, gbogbo ilé á sì gbọ́ ọ.

Mo ní àbúrò kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ. Ní ilé ìwé tó ń lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá máa ń san owó ìtanràn. Nítorí náà, òun àti ìyá àgbà ń gbé inú ilé kan náà, wọn ò sì lè bára wọn sọ̀rọ̀ ju kíkí àárọ̀ lọ. Nígbà tí mo padà sí yunifásítì, kò sí ògbufọ̀ mọ́. Ìyá àgbà ní kí ọmọ náà jókòó. Ó kọ́kọ́ ń kólòlò. Ó sọ "o" sí ọba nínú eré, wọ́n ní kó tún un sọ. Nísinsìnyí, ó ti ń túmọ̀ ìran kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Eré Kòríà ló mú un sọ èdè ìyá bàbá rẹ̀.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó tún dùn mí. Láti 2010 ni Africa Magic Yoruba ti wà, a sì ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ àwọn fíìmù tiwa. Nísàlẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n ń di brother, ẹ ń di you. Àbúrò mi àti ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní London, ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n ń kà. N ò ní ká má kọ ọ́. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé, kí ló dé tí a ò kọ Yorùbá sísàlẹ̀ fíìmù àwọn ẹlòmíràn? Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, a ní kọ̀ǹpútà, a mọ àmì ohùn. Ẹ jẹ́ ká mú ìran oníṣẹ́jú mẹ́wàá, ká gbìyànjú rẹ̀ ní kíláàsì.

Mo ti bẹ̀rẹ̀, nuna ló sì dá mi dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin" ti gùn jù, ìran á ti kọjá kí èèyàn tó kà á tán. Àbúrò mi ní ká kàn kọ "àǹtí". Ìyá àgbà gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ṣì ń rò ó.