Bí mo ṣe rán ibùsùn fún ajá bàbá mi

Aránṣọ ni mí. Ìlú Kétu ni mo ń gbé, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Láti ọdún 2004 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ mi kò tóbi. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà níbẹ̀, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Tábìlì kan wà tí mo fi ń gé aṣọ. Àga gígùn kan wà tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Lábẹ́ tábìlì, àpò kan wà. Inú àpò yẹn ni mo ń kó èékù aṣọ sí. Tí ó bá kún, màá gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, màá dáná sun ún. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ṣe ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, ọ̀rọ̀ àpò yẹn ni, àti ọ̀rọ̀ ajá kan.

Ọdẹ ni bàbá mi. Ó ní ajá kan tí ó sọ ní Tanímọ̀la. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò fẹ́ sọ lójú aládùúgbò, wọ́n á fi sọ ajá lórúkọ. Tí wọ́n bá ti ń pe ajá, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á gbọ́. N kò mọ ẹni tí bàbá mi ń bá wí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí ó bá ti ké "Tanímọ̀la!", ajá á sáré dé.

Ní ọdún 2019, bàbá mi kú. Nígbà tí a pín ogún, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú ìbọn. Àbúrò mi mú kẹ̀kẹ́. Wọ́n fún mi ní àwọn aṣọ kan nínú àpótí. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ ajá. Ó ti darúgbó, kò lè sáré tẹ̀lé ẹran mọ́. Ẹnì kan ní kí a tà á. Ẹ mọ ohun tí ẹni tó bá rà á máa fi ṣe. Mo ní, "Rárá o. Èmi yóò mú un." Mo tú okùn ọrùn rẹ̀, ó sì tẹ̀lé mi wá sí ilé ọkọ mi.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ní òru, mo máa ń gbọ́ tí ajá ń gbọ̀n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo rí i pé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ó di egbò, eṣinṣin sì ń bà lé e. Mo fi òògùn sí i, kò jinná.

Mo mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ó kọ́kọ́ gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nítorí àrùn dìgbòlugi. Lẹ́yìn náà ó wo egbò, ó ní, "Ìyá, ilẹ̀ líle ló fa èyí. Ajá tó ti darúgbó kò ní ẹran lára tó mọ́. Egungun rẹ̀ ló ń fi sùn. Bí ẹ bá fi òògùn sí i títí, tí kò bá kúrò lórí sìmẹ́ǹtì, kò ní jinná."

Mo padà sílé, mo ń rò ó. Ṣé aránṣọ ni mí, tàbí n kì í ṣe aránṣọ? Mo pinnu pé màá rán ibùsùn fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nígbà yẹn, n kò mọ ìwé. Okùn ni mo fi ń wọn àwọn oníbàárà mi, tí mo ń ta kókó sí i. Kókó kan fún àyà, kókó kan fún ìbàdí. Mo fi okùn wọn ajá nígbà tí ó ká jọ tí ó ń sùn. Mo gé aṣọ, mo rán an bí ìrọ̀rí. Mo gbé àpò abẹ́ tábìlì, mo da gbogbo èékù aṣọ inú rẹ̀ sínú ìrọ̀rí náà, mo sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Iṣẹ́ kò parí rárá. Lákọ̀ọ́kọ́, ibùsùn náà kéré. Nígbà tí ajá na ara, orí rẹ̀ wà lórí sìmẹ́ǹtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà wà lórí sìmẹ́ǹtì. Lẹ́ẹ̀kejì, ajá tó ti darúgbó kì í lè di ìtọ̀ mú dáadáa. Ó tọ̀ sí i, èmi kò sì lè fọ̀ ọ́, nítorí pé mo ti rán ẹnu rẹ̀ pa.

Ìkẹta ló burú jù. Ní òru ọjọ́ kẹta, ajá kígbe. Mo gbé àtùpà, mo jáde. Ẹ̀jẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo la ibùsùn náà. Kí ni mo rí nínú èékù aṣọ? Abẹ́rẹ́ olórí mẹ́rin, irú èyí tí a fi ń so aṣọ pọ̀ kí a tó rán an, àti ààbọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tí ó ti ṣẹ́. Nígbà tí mo ń gbálẹ̀ ni mo gbá wọn mọ́ èékù aṣọ. Ojú tì mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó abẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹni tí mo fẹ́ tọ́jú.

Ní òwúrọ̀, bí mo ṣe ń kó àkísà náà jọ, ọmọ mi kékeré dúró, ó ń wò mí. Ọmọ ọdún 7 ni. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ máa rán òmíràn fún ajá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Èmi ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Orí ẹní ni ọmọ yẹn ń sùn. Lórí sìmẹ́ǹtì kan náà ni. Òun kò ní egbò, nítorí pé ọmọdé ni, ara rẹ̀ rọ̀. Ṣùgbọ́n òtútù ọyẹ́ kì í mọ ọmọdé yàtọ̀ sí ajá. Mo ti ń rán aṣọ fún ìlú láti ọdún 15, n kò sì rán ohun tí ọmọ mi yóò fi sùn.

Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Ìyàwó, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà kún ilé wa. Ìwọ ló ń sun ún níná. Ṣe ti ọmọ ná, kí o tó ṣe ti ajá."

Ìgbà náà ni èso àràbà ń là. Èmi àti ìyá ọkọ mi lọ sí abẹ́ igi, a ṣa òwú àràbà. A fi aṣọ bo imú wa, nítorí pé òwú náà fúyẹ́, ó sì máa ń wọ imú. A yọ hóró inú rẹ̀ kúrò, a sá a sí oòrùn. Mo rán tìmùtìmù fún ọmọ mi. Ó sùn lé e lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì jí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo padà sí ti ajá. Ní àkókò yìí, n kò fi okùn wọ̀n ọ́n. Mo mú okùn ìwọ̀n tí òǹkà wà lára rẹ̀, ọmọ mi sì ń ka òǹkà náà fún mi. Ọmọ ọdún 7 ń kàwé fún ìyá rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ nínú ara mi pé èmi náà yóò lọ kọ́ ìwé. Ohun tí a ṣe nìyí. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkínní, ẹ wọn ajá nígbà tí ó bá na ara, kì í ṣe nígbà tí ó bá ká jọ. Láti imú dé ìdí ìrù, Tanímọ̀la jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80. A fi 20 kún un, ó di 100. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 70.

Èkejì, ẹ yẹ èékù aṣọ wò. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí òòfà kan yọ lára rédíò tó ti bàjẹ́. Mo fà á kọjá lórí gbogbo èékù aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún mú abẹ́rẹ́ méjì jáde. Ẹ yọ bọ́tìnnì àti irin gbogbo kúrò, nítorí pé ajá lè jẹ wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ gé èékù náà wẹ́wẹ́, kí ó má ju ìka méjì lọ. Tí ó bá tóbi, yóò di kókó, kò ní rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ rán àpò inú. Aṣọ ìtẹ́bùsùn tó ti gbó ni mo fi ṣe é. Mo gé méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 104 ní gígùn àti 74 ní ìbú. Sẹ̀ǹtímítà 2 ni mo fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ìránpọ̀. Mo fi ìrán pín àpò náà sí ihò mẹ́rin, kí èékù aṣọ má bàa ṣù jọ sí ojú kan. Mo ki ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Ohun tí mo kì sínú rẹ̀ tó kílò 6.

Ẹ̀kẹrin, ẹ rán àpò òde, èyí tí ẹ óò máa bọ́ fọ̀. Ojú rẹ̀ jẹ́ 104 sí 74 bíi ti inú. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aṣọ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 64 sí 74. Mo ṣẹ́ etí kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn gun ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 20, mo sì rán ẹ̀gbẹ́ wọn mọ́ ojú aṣọ náà. Ibi tí wọ́n ti gun ara wọn ni ẹnu rẹ̀. Kò nílò bọ́tìnnì, kò nílò síìpù. Mo rán etí rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, nítorí pé ajá máa ń fi èékánná ha ibùsùn kí ó tó dùbúlẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì tó ti ṣófo sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e lé pákó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rinrin ilẹ̀ kò ní gun òkè wá ní ìgbà òjò.

Ẹ̀kẹfà, ẹ máa fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ àpò òde ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì sá gbogbo rẹ̀ sí oòrùn. Ẹyin yọ̀rọ̀ máa ń já bọ́ láti ara ajá sí ibi tí ó ń sùn. Tí ẹ bá wẹ ajá tí ẹ kò fọ ibùsùn, yọ̀rọ̀ yóò padà wá. Ẹ má fi káńfọ̀ sí i, ẹ má sì da epo àtùpà sí i. Májèlé ni wọ́n jẹ́ fún ajá.

Gbogbo owó tí mo ná jẹ́ 400 fráǹkì, fún òwú ìránṣọ àti ọṣẹ. Ilé ni mo ti rí ìyókù.

N kò tíì sọ aṣọ tí mo fi ṣe àpò òde. Ṣòkòtò bàbá mi méjì ni, tí ó fi ń lọ sí oko. Wọ́n ti já ní orúnkún, kò sí ẹni tí ó lè wọ̀ wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ṣì lágbára. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó bínú. Ó ní, "O gé aṣọ bàbá wa fún ajá?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Nínú gbogbo wa, ta ni ó bá bàbá sùn nínú igbó jù?" Kò dá mi lóhùn. Ó wá wo ajá náà ní ọjọ́ kejì, ó sì mú egungun ẹran wá fún un.

Nígbà tí mo tẹ́ ibùsùn náà, Tanímọ̀la gbóòórùn rẹ̀ yíká. Ó fi èékánná ha á. Ó yí po, ó dùbúlẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Kí oṣù méjì tó pé, egbò ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti jinná.

Ó kú ní ọdún 2021, lórí ibùsùn rẹ̀, láìkígbe. A sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí mo ti ń sun èékù aṣọ tẹ́lẹ̀.

N kì í sun èékù aṣọ mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi òòfà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́, a sì ń fi ṣe ìrọ̀rí tí a ń tà. Èmi náà ti lọ kọ́ ìwé. Okùn tí mo ń ta ní kókó ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n inú ìwé ni mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí báyìí. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, ohun tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi kọ nìyí: Tanímọ̀la, 100, 70.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ wo abẹ́ tábìlì yín, ẹ wo inú àpótí yín. Ohun tí ẹ fẹ́ sun níná lè jẹ́ ibùsùn ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kúrò.