Bẹ̀mbẹ́ Tí Kò Dún
Ọkùnrin kan, ọmọ onílù, fi pákó kan àpótí sípíkà méjì, ó kan ti wúfà lọ́tọ̀, ó sì fi pátákó DSP so wọ́n pọ̀, nítorí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí wọ́n gba ìlù bàbá rẹ̀ sí kí ó tó kú. Ó pín ohùn ní 80 Hz: ti ìsàlẹ̀ lọ sínú wúfà, ìyókù sínú sípíkà. Gbogbo ìlù dún, àfi bẹ̀mbẹ́ bàbá náà. Bí ó ti ń fi kún agbára wúfà, yàrá ń mì, bẹ̀mbẹ́ kò wá.

Àṣé àwọn méjèèjì ni ó ń pa ohùn ara wọn. Ní 80 Hz, ìgbì ohùn kan gùn tó mítà 4.3. Wúfà wà ní kọ̀rọ̀, ó fi mítà 2 jìnnà sí etí ju sípíkà lọ, bí ìdajì ìgbì náà. Nígbà tí ọ̀kan ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn. (Ìbá ti wọn ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní í ṣe bẹ́ẹ̀?) Ó fi DSP dá ohùn sípíkà dúró fún nǹkan bí ìdá 6 nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá, ó dín agbára wúfà kù, ó sì tún tan kásẹ́ẹ̀tì náà.

Ìyá rẹ̀ ké láti yàrá kejì pé ta ni ó ń lu ìlù bàbá yín?