Líìfù Tí A Kò Tà

Ní Emene, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enugu, láyé ìgbà tiwa, ẹni tó bá lo líìfù rẹ̀ tán pátá, ojú ọ̀lẹ ni wọ́n fi ń wò ó. Títà là ń ta líìfù. Akọ̀wé á ka ọjọ́ tó yẹ kó o fi sinmi, á sọ ọ́ dowó, ìwọ á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo tà á lọ́dún mẹ́ta léraléra. Owó ọdún kìíní la fi ra fíríìjì. Ti ọdún kejì wọ inú páànù ilé tí mo ń kọ́ sí Ìsẹ́yìn. Ti ọdún kẹta, mi ò lè sọ ibi tó gbà lọ títí dòní.

Sítọ̀ ni mo ń bójú tó ní ilé iṣẹ́ kan létí títì tó lọ sí Abakaliki. Emene ń gbóná nígbà náà. ANAMMCO, tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn Jámánì tó ni Mercedes-Benz jọ dá sílẹ̀ ní 1977, ni Ààrẹ Shehu Shagari wá ṣí ní 1980, kí wọ́n lè máa to ọkọ̀ akẹ́rù níbẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú Enugu kò jìnnà sí wa, a ń gbọ́ ìró bàálù bá a bá ń jẹun ọ̀sán. Àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wa Igbo ń pè wá ní “ofe mmanu” nítorí epo tó máa ń léfòó lórí ọbẹ̀ wa, ṣùgbọ́n bí ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, bá se ọbẹ̀ náà tán, àwọn gan-an ló ń fi búrẹ́dì nu ìkòkò.

Ohun tí Emene kò ní ni òkun. “Orí òkè” ni Enugu túmọ̀ sí lédè Igbo, bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku pupa ló ń bo gbogbo ojú fèrèsé. Ìyàwó mi sì rèé, ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ ni. Kó tó mọ ìwé kà ló ti mọ omi í wẹ̀. Èmi ará Òkè-Ògùn, omi tó bá ju orúnkún lọ, mo ti ń pe Ọlọ́run.

Ẹnjiníà Jámánì kan tó máa ń wá gba pààtì lọ́dọ̀ mi ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó to fọ́tò sórí káńtà mi: òun àti ìyàwó rẹ̀ nínú òkun ní Kẹ́ńyà, ẹja aláràbarà yí wọn ká bí ẹni pé aṣọ àǹkárá ló ya tó ń fẹ́ káàkiri. Mo yá ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sílé. Ìyá Ìbejì wò ó títí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ máa ta tọdún yìí náà ni?”

Mi ò tà á.

Kí ọmọ ìsinsìnyí má rò pé olówó ni mí. Ní 1981, náírà kan ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ, òṣìṣẹ́ tó bá tọ́jú owó lè wọ bàálù láìta ilẹ̀ baba rẹ̀. Nínú oṣù kejì, a wọ bàálù ní Emene lọ sí Èkó, a kó àwọn ìbejì fún ìyá wọn àgbà ní Ẹ̀pẹ́, a sì bá bàálù Ethiopian Airlines gba Addis Ababa dé Nàìróbì. Ọkọ̀ ojú irin alẹ́ ló gbé wa dé Mombasa láàárọ̀. Láti ibẹ̀ a gba títì etíkun lọ sí Watamu. Kò sí afárá ní Kilifi nígbà náà, fẹ́rì ló ń gbé mọ́tò sọdá.

Láti 1968 ni ìjọba Kẹ́ńyà ti sọ òkun Watamu àti ti Malindi di ibi ààbò: o kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, o kò gbọdọ̀ mú nǹkan kan jáde. Ìyàwó mi ṣa ìkarahun ìgbín òkun kan létí omi, ọmọkùnrin tó ń tọ́ wa sọ́nà rọra ní, “Mama, ibẹ̀ nilé rẹ̀.” Ó dá a padà.

Lọ́jọ́ kìíní, inú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo ń yọjú wo ìsàlẹ̀ òkun bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó mi ti bọ́ somi ní tirẹ̀. Ó gba abẹ́ mi kọjá, ó yíjú sókè, ó sì juwọ́ sí mi. Ìtìjú yẹn ló gbé mi wọ omi, kì í ṣe ìgboyà.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kọ́ wa bí a ṣe ń wẹ̀ lábẹ́ òkun, nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ mi lẹ́yìn, wọ́n fi rọ́bà sí mi lẹ́nu. Wọ́n kìlọ̀ pé o kò gbọdọ̀ sé èémí bó o bá ń gòkè, kí ẹ̀dọ̀fóró má baà bẹ́. Bí etí bá ń ro ọ́, di imú, kó o rọra fẹ́ ẹ. Wọ́n tún kọ́ wa ní èdè ọwọ́, nítorí abẹ́ omi kò gba ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dáràn. Bí ara mi bá yá, àtàǹpàkò ni mo máa ń nà sókè. Lábẹ́ omi, “mo fẹ́ gòkè” lèyí túmọ̀ sí. Nígbà tí a dé inú òkun, bí mo bá ti rí ẹja tó wù mí, mo na àtàǹpàkò, olùkọ́ wa á sì wọ́ mi lọ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí Ìyá Ìbejì tó fi ọwọ́ rẹ̀ di àtàǹpàkò mi mú. Bó ṣe dì í mú nìyẹn tí a fi wẹ̀ dé ìdí iyùn.

Mo kọ́kọ́ rò pé òkúta ni. Òmíràn rí bí ìwo àgbọ̀nrín, òmíràn bí ọpọlọ orí, òmíràn tẹ́ bí àwo. Ẹja kan wà tí ẹnu rẹ̀ rí bí ti ayékòótọ́, ó ń gé iyùn náà jẹ, mo sì ń gbọ́ ọ kedere, wàràwàrà, bí ẹni ń fọ́ egungun adìyẹ. Olùkọ́ wa sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ohun tí ẹja yẹn bá jẹ ló ń yà ní iyanrìn, àti pé púpọ̀ nínú iyanrìn funfun tí à ń tẹ̀ létíkun, ìgbẹ́ rẹ̀ ni.

Lálẹ́, ìyàwó mi fi iyùn ìgbéyàwó rẹ̀ sọ́rùn, ó bi ọmọkùnrin tó ń tọ́ wa sọ́nà bóyá ibí ni wọ́n ti ń wá a. Ó ní rárá, pupa bẹ́ẹ̀ yẹn, òkun Mediterranean ni wọ́n ti ń hú u. Mo rántí pé àwọn Bìní ń sọ pé ọwọ́ Olókun ni Ọba Ewuare ti gbà á, àti pé àwọn Potogí kó o wá tà láyé àtijọ́. Ọmọkùnrin náà ní ẹbí kan ni méjèèjì, ẹranko kéékèèké ni wọ́n. Ẹnu wà lára wọn, wọ́n ń jẹun, orí egungun àwọn tó ti kú ni àwọn tó wà láàyè ń kọ́lé sí. Ìyàwó mi tú iyùn náà kúrò lọ́rùn, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. Ó ní, “Àṣé ohun tó ti mí rí ni mo wọ̀ lọ sílé ọkọ.”

Nígbà tí a padà dé Emene, gbogbo sítọ̀ ló wá wo fọ́tò wa. Àgbà kan láàárín wa, ará Udi, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́, ní bí òun bá fẹ̀yìntì, Port Harcourt lòun máa kọ́kọ́ gbà lọ, kóun lè rí òkun. Ọdọọdún ló ń ta líìfù tirẹ̀.

A fẹ́ padà lọ sí Watamu. Ṣùgbọ́n láti 1986 tí wọ́n ti dá ọjà pàṣípààrọ̀ owó sílẹ̀, náírà já lulẹ̀, ìrìn àjò di àlá. Ní 1998, omi Òkun Íńdíà gbóná kọjá ààlà. Bí omi bá gbóná bẹ́ẹ̀, iyùn á lé ohun ọ̀gbìn tíntìntín tó ń gbé inú rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ èyí ló ń bọ́ ọ, òun náà ló fún un láwọ̀. Á wá funfun bí egungun, bí ooru náà kò bá sì tètè rọlẹ̀, á kú. Púpọ̀ kú ní etíkun Kẹ́ńyà lọ́dún yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn tí a rí wà lára wọn.

Iyùn ìyàwó mi ti wà lọ́rùn Kẹ́hìndé báyìí, ó fi ṣègbéyàwó. Àgbà ará Udi yẹn fẹ̀yìntì tán, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó kú láìrí òkun, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Port Harcourt, lọ́dọ̀ wa ní Emene ló ti ń gbọ́ fèrè rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ má ta líìfù yín. Ẹ mú ọkọ yín tàbí ìyàwó yín dání, kódà bó jẹ́ Bàdágírì lẹ lè dé.